Páálí Tí Mo Fi Kọ́ Ọmọ Mi Ní Piyánò

"Ẹ má fún wọn, màámi. Ẹ máa ba ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́." Ohun tí ọmọbìnrin mi sọ nìyẹn ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, ará Bẹ̀nẹ̀ tó ń ta aṣọ òkìrìkà nítòsí wa ní àdúgbò Awendjé, wá yá páálí tí mo yà bíi piyánò, kí ọmọ tirẹ̀ lè máa fi kọ́ṣẹ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Yàrá náà ń rùn fún aṣọ tí mo ń lọ̀ lọ́wọ́, àti fún páálí yẹn fúnra rẹ̀, tí mo fà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ti bu nítorí pé kò rí oòrùn láti ọjọ́ yìí. Mo fi í sílẹ̀, mo jáde lọ bá ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ní mi ò rí i mọ́. Irọ́ ni mo pa. Nítorí irọ́ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Aránṣọ ni mí. Mi ò gé aṣọ rí láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo oníbàárà mi ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orin ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́wọ́ bàbá kan tó wá láti Porto-Novo, tó ń tẹ piyánò ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun. Kíbọ́ọ̀dù kékeré kan ni wọ́n ní, irú ti ọmọdé, tí ẹnìkan fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ. Orí rẹ̀ ni bàbá náà ti kọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà ní ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ orin sí, bí wọ́n ṣe ń ka ìlù sínú, àti bí wọ́n ṣe ń fo ohùn kan sílẹ̀ láti kó kọ́ọ̀dù jọ. Lẹ́yìn náà á gbé ìwé tí wọn ò rí rí síwájú wọn. "Ẹ má wo ọwọ́ yín. Ojú níwájú, bí ẹni tó ń wa mọ́tò!"

Jáàsì ni ọmọ mi fẹ́ràn jù. Bàbá náà á tẹ gbólóhùn orin kan, á dúró, ọmọ á sì fi tirẹ̀ dá a lóhùn. Tí ọmọ bá tún tẹ ohun tí òun tẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín: "Tí mo bá ní ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ káàárọ̀ náà ni wàá fi dá mi lóhùn, àyékòótọ́?" Ọmọ mi kì í ṣe àyékòótọ́. Mo máa ń gbọ́ tó ń fọ abọ́, tó ń kùn, tó ń béèrè, tó ń dáhùn.

Bàbá náà kìlọ̀ fún mi. "Ìyá ọmọ, ABD lásán ni kíbọ́ọ̀dù yìí. Ẹ mú un wá sílé mi ní Sibang, piyánò gidi wà níbẹ̀. Ìyàwó mi wà nílé, ẹ lè wá jókòó tì í." Àwọn ọmọ yòókù ń lọ. Mo ní a máa wá, ṣùgbọ́n a ò lọ. Lọ́dún yẹn, tàsí kan yí dànù lọ́nà PK12, mo sì rí bàtà ọmọdé kan ṣoṣo lójú títì. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wo ọmọ mi kó wọ tàsí, kódà kí èmi fúnra mi jókòó tì í. Ilé, iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì: ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé lójoojúmọ́ nìkan; Sibang jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ni mo bá mú okùn ìwọ̀n mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Tọ́sìdeè kan. Mo wọn àwọn eyín kíbọ́ọ̀dù náà, funfun àti dúdú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà méjì géérégé ni ìbú eyín funfun. Mo fi rúlà yà á sórí páálí líle, mo fi yíǹkì kun àwọn dúdú. Inú mi dùn. Ọdún méjì gbáko ni ọmọ mi fi tẹ páálí yẹn lórí tábìlì tí mo fi ń géṣọ, lójoojúmọ́, láìsí ohùn kankan, àfi ìró ìka lórí páálí, bí òjò tó ń kán lórí páànù.

Ilé ìwé orin kan fẹ́ gba ọmọ méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá náà fi orúkọ ọmọ mi sílẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò pé. A fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, wákàtí kan àti ààbọ̀, nítorí mi. Piyánò náà dúdú, ó ń dán, ó tóbi. Àwọn olùdánwò gbé ìwé tí kò rí rí síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mú un kíá: mo rí i tí ètè rẹ̀ ń kọ orin náà. Ó gbójú sókè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ òsì fò, kò sì dé orí eyín tó yẹ. Ohùn méjì kọlu ara wọn. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún ṣì í níbi kan náà. Lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn tẹ gbólóhùn jáàsì kan, ó ní kó dáhùn. Ọmọ mi gbé ọwọ́ kúrò lórí piyánò, ó gbé e lé itan rẹ̀, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí síkẹ́ẹ̀tì tí mo rán fún un. Ó ń dáhùn. Àwọn yẹn rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ń tẹ̀ ẹ́. Wọn ò gbà á.

Nígbà tí bàbá náà gbọ́ bó ṣe lọ, ó ní kí n gbé páálí náà wá. Mo dá nìkan fẹsẹ̀ gbé e lọ sí Sibang. Ó tẹ́ ẹ lé eyín piyánò rẹ̀. Eyín piyánò fẹ̀ ju ti páálí lọ; lórí eyín kan, ìyàtọ̀ náà kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá rin eyín méje, odindi eyín kan ló fi ṣì. "Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o," ó wí, kò wojú mi. "Kíbọ́ọ̀dù ọmọdé lẹ wọ̀n."

Ọdún mẹ́ta rèé. Bàbá náà ní ọwọ́ ṣì lè tún un kọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi kọ̀. Kì í bínú sí mi, ìyẹn ló burú jù. Kò kùn mọ́ tó bá ń fọ abọ́. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo máa ń tẹ́tí, omi nìkan ni mò ń gbọ́. Mo rò pé mo ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ títì. Kò sí ohun tó ṣe é lójú títì. Èmi ni mo ṣe é, nínú ilé, pẹ̀lú rúlà.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ya piyánò sórí páálí fún ọmọ yín. Ẹ mú un lọ síbi tí èyí tó ń dún wà, tí ẹ̀rù bá sì ń bà yín, ẹ jókòó tì í. Ọ̀rẹ́ mi, tí èyí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, páálí náà ò sọnù, mo ti fi omi rẹ ẹ́, mo ti fà á ya. Bàbá náà ṣì wà ní Sibang. Jọ̀ọ́, mú ọmọ rẹ wá kan ilẹ̀kùn mi ní Sátidé. Màá bá yín wọ tàsí.