Kọ́kọ́rọ́ Tí Àǹtí Dùnní Kò Dá Padà

Láyé ọjọ́un ní Coal Camp, bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń ṣa agolo mílíìkì lẹ́yìn àwọn tó ń ta tíì, tí kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó, Àǹtí Dùnní nìyẹn. Ọládùnní lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àgùnbánirọ̀ ló bá dé Enugu. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ọdún wọn tí wọ́n di ẹrù wọn relé, òun ní òun ò lọ, pé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òun ń kọ́ kò tíì mọ ìṣirò. Bó ṣe jókòó nìyẹn. Ilé kan náà la jọ ń gbé, aṣọ ni èmi ń rán níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí, torí àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ kiri pé ìwà àfojúdi ló hù. Ẹnu wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ojú tèmi ló ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé ló máa ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa Yorùbá Enugu. Ẹgbẹ́ ló dá kíláàsì náà sílẹ̀, torí pé àwọn ọmọ tí a bí sí Enugu, Píjìn ló yá lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Ohun tí àwọn àgbà ń fẹ́ kò ju pé kí àwọn ọmọ mọ bí a ṣe ń kíni, kí wọ́n sì lè ka ìwé ìtàn kan parí. Àmọ́ Àǹtí Dùnní kì í ka ìtàn kó fi mọ síbẹ̀. Bí ìtàn bá ní Ìjàpá fi ewé kókò ṣe ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ á wá ewé kókò, wọ́n á gbé e sójú omi nínú ọpọ́n, wọ́n á máa to òkúta wẹ́wẹ́ lé e títí yóò fi rì. Bí ìtàn bá sọ̀rọ̀ òjìji igi, wọ́n á jáde lọ fi okùn wọn òjìji láàárọ̀, wọ́n á tún un wọ̀n lọ́sàn-án. Kúnmi, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, kò jẹ́ kí n gbé ìkòkò kaná mọ́ láì bi mí pé kí ló ń ti ìdérí sókè.

Lọ́dún 1984, ó ka ìtàn kan fún wọn. Ìjàpá àti Ọ̀kẹ́rẹ́ pàdé lọ́jà kan tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ìjàpá ní ẹ̀wà tí òun bá gbìn lónìí yóò ti hù kí ọjà náà tó tún pé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní irọ́ ni. Àǹtí Dùnní pa ìwé dé, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà, òwú tútù àti agolo méjì. Ó ní kí wọ́n lọ wò ó fúnra wọn. Àwọn obìnrin tó ń ru ewébẹ̀ wá sí àdúgbò wa láti abúlé, ọjọ́ Orie nìkan ni wọ́n ń wá, ọjọ́ ọjà wọn nìyẹn. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ rẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ Orie, kí wọ́n máa ju òkúta kan sínú agolo kejì lójoojúmọ́, títí tí àwọn elewébẹ̀ yóò fi padà dé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé agolo wọn wá. Àwọn tí òbí wọn bá wọn kà á nílé mú òkúta márùn-ún dání, torí Yorùbá kì í fo ọjọ́ òní tó bá ń ka ọjọ́. Àwọn tó dá a kà, ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju tiwọn, mẹ́rin ni wọ́n ní. Ẹ̀wà gbogbo wọn sì hù bákan náà. Kúnmi wo agolo rẹ̀, ó wo ìwé, ó sì sọ ọ́ sókè.

"Àǹtí, the book no correct o. My own na four."

Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Olúdáìsí, alága ẹgbẹ́ wa, wọlé. Èmi náà ti dé ẹnu ọ̀nà láti mú ọmọ mi. Ohun kan ṣoṣo ló gbọ́: pé ọmọdé kan ní ìwé àwọn baba wa parọ́. Ó ní ṣé ohun tí ẹgbẹ́ ń háyà gbọ̀ngàn fún nìyí, kí àwọn ọmọ máa fi òkúta ṣeré, kí wọ́n sì máa já àgbà nírọ́? Ó ní kí Kúnmi kúnlẹ̀, kí wọ́n mú pàṣán wá.

Àǹtí Dùnní ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́. Ó ní ẹni tó ka ọjọ́ òní mọ́ ọn yóò rí márùn-ún, ẹni tó fò ó yóò rí mẹ́rin, ọjọ́ ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì sì bá. Ó ní ọ̀sẹ̀ ọjà àwọn baba wa àti ti àwọn ará ibí, ọ̀kan náà ni. Alága ní òun ò bi í léèrè. Ni Àǹtí Dùnní bá lọ dúró síwájú ọmọ mi.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Nínú kíláàsì yìí, a kì í na ọmọ torí pé ó ka ohun tó rí."

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Alága ò rí irú rẹ̀ rí. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe léjìká, ó sì wo gbogbo àwa òbí tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ní ọjọ́ márùn-ún òní, nírọ̀lẹ́, ìpàdé wà níbí. Bí àwọn baba wa ṣe ń kà á ni mo ṣe kà á yẹn. Kí Dùnní mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn dání, kíláàsì yìí ti parí."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ ti dé ilé wa. Wọ́n ní kí Àǹtí Dùnní lọ kúnlẹ̀ fún Alága, kó mú obì dání, ọ̀rọ̀ á tán. Ó gbé àga fún wọn, ó fún wọn lómi, ó sì ní òun ò lọ. Wọ́n ní ó ń gbéraga. Ó ní bí ẹ̀bẹ̀ bá wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà láìṣẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín láti ìdí máṣíìnì mi, wọ́n sì bínú sí èmi náà. Ẹnu ẹni la sáà fi ń kọ̀ pé a ò jẹ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n lọ tán, mo rí i tó ń ka àwọn ìwé ìtàn rẹ̀ sínú páálí, ìwé tẹ̀ lé ìwé, bí ẹni tó ń palẹ̀ mọ́. Ó dùn mí gan-an.

Kúnmi ní tirẹ̀ ti mú agolo. Lọ́tẹ̀ yìí, Sátidé yẹn gan-an ló ju òkúta àkọ́kọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Alága wí. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, òkúta rẹ̀ pé márùn-ún.

A pé jọ nírọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè náà. Bàbá Mọ́nsúrù, àgbà ẹgbẹ́ tó ń ta irinṣẹ́ ní Artisan Market, ló jókòó síwájú. Àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ wá, àwọn ọmọ wá pẹ̀lú agolo wọn. A ń retí Alága. A retí títí, Alága ò yọjú, bẹ́ẹ̀ ni kò rán ẹnikẹ́ni. Àǹtí Dùnní ò dúró dè é. Ó dìde, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Kọ́kọ́rọ́ rèé. Bí ẹ bá gbà á, ẹ ti gba ilẹ̀kùn nìyẹn. Lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa la ó ti máa kàwé, a ó ka ìtàn, a ó sì gbin ẹ̀wà. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni."

Bàbá Mọ́nsúrù ní kí Kúnmi gbé agolo rẹ̀ wá, ó da òkúta náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà á. Ó rán wa létí pé òfin ẹgbẹ́, tí Alága fúnra rẹ̀ mú wá, ni pé ẹni tó bá pe ìpàdé tí kò wá, tí kò ránṣẹ́, ẹjọ́ rẹ̀ ti kú. Ló bá fi kọ́kọ́rọ́ lé Àǹtí Dùnní lọ́wọ́ padà.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Tọ́sìdeè, Alága dé gbọ̀ngàn nínú agbádá tó lọ̀ dán, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó bínú wá sí ilé wa, ó ní ta ló tú ìpàdé òun ká. Ó fi ìka ka ọjọ́ fún wa: Sọ́ńdè ni ọ̀kan, Mọ́ńdè ni èjì. Àǹtí Dùnní ń lọ ata, kò gbé ojú sókè. Kúnmi ló jáde sí i, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó gbé agolo rẹ̀ sókè, ó sì sọ Yorùbá láìfi Píjìn kankan kún un.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ka Sátidé mọ́ ọn ni?"

Alága wo inú agolo náà, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ Àǹtí Dùnní títí ó fi kúrò ní Enugu.