Omi Bagaruwa Àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Kí n lọ dọ̀bálẹ̀ kẹ̀? Fún obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi? Wọ́n ní mo da ìsìn rú. Kó dà rú! Wallahi, mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóyún, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó. Dókítà tó ń lọ bá ní Zoo Road kìlọ̀ fún un pé bẹ́jẹ̀ yẹn ò bá gòkè kóṣù ẹ̀ tó pé, ó lè kú sórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó ń lò ó déédéé, ìṣojú mi ló ti ń lò ó. Oṣù méjì, ẹ̀jẹ̀ ò kúrò lójú kan.

Ìyá ìjọ, ìyẹn màmá tó ń gbàdúrà fáwọn aboyún ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ayé ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mu. Ó wá ń se bagaruwa fún un, èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan táwọn Hausa ń tà ní Ọjà Sabon Gari. Omi ẹ̀ pupa. "Wò ó bó ṣe pọ́n, ẹ̀jẹ̀ gidi nìyẹn!" Omi yẹn ló ní kó máa fi gbé oògùn dókítà mì.

Àwọn obìnrin Hausa kì í lò ó báyẹn. Tí wọ́n bá bímọ tán, wọ́n máa ń jókòó sínú omi gbígbóná ẹ̀ kójú ara lè tètè jinná.

Èmi ò kàwé púpọ̀ o. Sálúbàtà ni mò ń rán ní Enugu Road. Ṣùgbọ́n mo mọ bagaruwa, torí òun ni wọ́n fi ń sọ awọ ewúrẹ́ tútù di awọ bàtà. Bàbá Hausa tó ń ta awọ fún mi pariwo mọ́ mi lọ́jọ́ kan: "Kada ka sa a cikin ƙarfe!" Ó ní n ò gbọ́dọ̀ gbé e sínú abọ́ onírin láéláé. Tó bá ti kan irin, á dúdú bíi tàdáwà, awọ bàjẹ́ nìyẹn.

Irin! Mo gbé páálí oògùn ẹ̀gbọ́n mi, mo kà á. Irin ló wà nínú ẹ̀! Mo kó sórí fóònù, mo kà títí iná fi tán lára ẹ̀. Tánììnì lorúkọ nǹkan tó wà nínú bagaruwa. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa lẹ̀ mọ́ nǹkan. Á lẹ̀ mọ́ awọ, awọ ò ní jẹrà. Á lẹ̀ mọ́ ojú egbò, egbò á gbẹ. Ó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, wọ́n sì ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá á wúlò fún àwọn àrùn míì. Oògùn ni o, mi ò bú u. Àmọ́ tó bá pàdé irin nínú ikùn, á dì í mú, ara ò ní rí i lò, inú ṣáláńgá ló máa gbà lọ.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó pòṣé. "Ìwọ tó ń rán bàtà, o ti di dókítà?"

Mo lọ hóró oògùn ẹ̀ kan, mo dà á sínú ife bagaruwa ẹ̀ lójú ẹ̀ báyìí. Ó dúdú kirikiri. Ó wo ife, ó wò mí. Látọjọ́ yẹn, omi lásán ló fi ń gbé oògùn mì. Ẹ̀jẹ̀ gòkè.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Sunday tó kọjá, Ìyá ìjọ gba máìkì. "Omi pupa tí mo sè ló dá ẹ̀jẹ̀ padà sára ọmọbìnrin yìí! Ẹ̀yin aboyún yòókù, ẹ wá gba tiyín!" Ẹ̀gbọ́n mi ń pàtẹ́wọ́! Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ òótọ́! Aboyún mẹ́ta dìde. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n máa ń gbé oògùn wọn wá kí wọ́n gbàdúrà sí i kí wọ́n tó lò ó, torí náà oògùn ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Mo sáré síwájú. Mo gba hóró kan lọ́wọ́ ọ̀kan, mo fi eyín fọ́ ọ, mo tu ú sínú ife bagaruwa tó wà lọ́wọ́ Ìyá ìjọ, mo gbé e sókè. Ó dúdú.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín rèé! Ó yá, ẹ mu ún!"

Wọ́n wọ́ mi jáde bí ajá. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní mo dójú ti òun láwùjọ. Àfi kí n lọ dọ̀bálẹ̀. Àwọn aboyún mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ta ló máa bá wọn ka páálí oògùn tiwọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ má parọ́ fún mi o: ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?