Àpò Fèrè Tí Màmá Mi Fi Réènkóòtù Ṣe

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí etíkun Àgbádárìgì ṣì jẹ́ kìkì igi àgbọn àti iyanrìn, ikọ́ bàbá mi ló máa ń jí wa láràárọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún yín. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọn fèrè fún wọn ló sì ti ṣiṣẹ́. Fèrè alápò ni tirẹ̀. Àpò ńlá kan ló wà lára fèrè náà, abẹ́ apá ni wọ́n ń gbá a mọ́. Wọ́n á fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn á sì gba inú àwọn ọ̀pá tó wà lára rẹ̀ jáde, á di orin. Awọ àgùntàn ni wọ́n fi ṣe àpò ọ̀hún. Àgùntàn sójà ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, nítorí igbe tó máa ń ké kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé ikọ́ ife ni. Ó lo oògùn títí, ara rẹ̀ ń gbẹ sí i. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kó wá bá mi ṣeré mọ́. Ife bàbá mi dá wà lójú fèrèsé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi mumi. Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́, ẹ̀yìnkùlé ni mo sì ti ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n má baà rí mi, torí ojú ń tì mí.

Télọ̀ ni màmá mi, ọmọ Ẹ̀gùn ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló kọ́kọ́ fura. Bàbá mi lọ sí Imeke láti lọ bójú tó oko ẹbí, ó fi fèrè sílẹ̀ nílé. Nígbà tó wà níbẹ̀, ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ń jẹun dáadáa. Kò pẹ́ tó padà dé tó gbé fèrè sẹ́nu ni ibà àti ikọ́ tún gbé e dálẹ̀. Nígbà tó tún lọ tó tún bọ̀, tí ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀, màmá mi tú àpò náà, ó yí inú rẹ̀ síta. Òórùn tó jáde níbẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Awọ náà ti bu. Oyin àti ọ̀rá tí bàbá mi máa ń dà sí i kó má baà gbẹ, itọ́ rẹ̀, àti ọ̀rinrin òkun, gbogbo rẹ̀ ti para pọ̀, ó ti hu nǹkan funfun àti aláwọ̀ ewé.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó ní, "ohun tí ẹ ń fà sínú nìyí."

Bàbá mi wò ó, ó gbójú kúrò. "Awọ yìí bá mi lọ sójú ogun, ó bá mi bọ̀. Kí ló dé tó fi máa wá pa mí nílé?"

Màmá mi mọ̀ pé òun kò lè ní kó jáwọ́ nínú fèrè. Ó ní òun á ṣe àpò mìíràn fún un, èyí tó ṣeé fọ̀. Ó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ó ra réènkóòtù tó nípọn láàárín àwọn òkìrìkà, ó tẹ́ awọ náà lé e lórí, ó sì gé e bó ṣe rí. Ibi tó ti ṣàṣìṣe ni pé ó rán an bí ẹni ń rán ṣòkòtò, ó tẹ abẹ́rẹ́ lé e lẹ́ẹ̀mejì kó lè lágbára. Nígbà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí i, gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ni atẹ́gùn ń gbà jáde. Ó tún un rán, ó tún burú sí i. Ó jókòó ti maṣíìnì, ó ń fi èdè Ẹ̀gùn bá ara rẹ̀ wí, ẹ̀rù sì bà mí, torí n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Fọ́kanáísà tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà ló fún wa ní tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bẹ́ àti gọ́ọ̀mù. A gé tíúbù náà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ojú ìránmọ́, a sì fi okùn àwọ̀n so àwọn ọ̀pá náà mọ́ ọn. A wá gbé e lọ sétí ọ̀sà, a tẹ̀ ẹ́ rì sómi, a ń wá ibi tó ti ń hó.

Apẹja kan ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ àgùntàn sójà ní bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni?"

"Mo fẹ́ kí ọkọ mi yè ni," màmá mi dá a lóhùn.

Àpò náà gbà, kò jò. Àmọ́ awọ máa ń fa omi, réènkóòtù kì í fà á. Itọ́ bàbá mi gbára jọ sísàlẹ̀, ó ṣàn wọ inú àwọn ọ̀pá, ohùn fèrè sì há. Ó gbé e sílẹ̀. "Òkú nǹkan lèyí," ó ní. Ó padà sídìí awọ rẹ̀, ikọ́ náà sì padà sí i lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tó ti ń sinmi kó lè mí, màmá mi mú sísọ́ọ̀sì, ó gé awọ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú rẹ̀.

"Ẹ máa bínú," ó ní, "kí n ṣáà máa rí yín."

Bàbá mi bínú lóòótọ́. Ó pẹ́ gan-an kó tó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó mú àpò réènkóòtù náà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró da omi rẹ̀ nù, tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń sá a sí atẹ́gùn. Ikọ́ náà dínkù. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó gbà. Kò lè fẹ́ àpò kún mọ́. Màmá mi fọ ọ̀pá tí wọ́n ń fẹ́ náà dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e sí mi lẹ́nu. Èmi ń fẹ́, bàbá mi ń tẹ̀, ìka rẹ̀ ń rìn lórí fèrè. Orin ìsìn ló fẹ́ràn jù. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á fọwọ́ kan èjìká mi, màá sì dáwọ́ dúró. Ó kú kí n tó jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì ń ṣàárò rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi fi fóònù hàn mí láìpẹ́ yìí pé wọ́n ti ń ta irú àpò bẹ́ẹ̀ báyìí, tó ní síìpù kí wọ́n lè máa fọ inú rẹ̀. Ó ní àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé àpò tó bu ló ń fa àìsàn náà, pé kì í ṣe ikọ́ ife, wọ́n sì ti kọ nípa rẹ̀. Inú mi dùn fún àwọn tó máa rà á. Nígbà tiwa, dókítà béèrè ohun tí bàbá mi ń jẹ, ó béèrè ibi tó ń sùn, ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ń wúkọ́ nínú ẹbí wọn. Kò béèrè ohun tó ń fọn.