Lẹ́tà Tí Bàbá Mi Kò Lè Kà

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá ti tọ́jú alárùn rọpárọsẹ̀ rí á mọ irú àárẹ̀ tí mò ń wí, èyí tí oorun kì í mú kúrò. Láràárọ̀, mo máa ń wẹ̀ fún bàbá mi, mo máa ń fún wọn ní ẹ̀kọ, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ya báńà l'Ọ́mù-Àrán. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àìmọye èèyàn ní Òrò ló kọ́ á-bí-dí lọ́wọ́ wọn.

Àìsàn yìí kó ìwé kíkà lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn ní bí wọ́n bá ń ka ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì lójúmọ́, yóò padà. Ó sì ti ń padà lóòótọ́. Wọ́n ti ń ka àkọlé ìwé orin, wọ́n ti ń ka ara agolo mílíìkì.

Èmi ni mo lọ fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ta sólà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo ní kí n ya báńà fún òun: INÁ DÉ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lo oríṣi lẹ́tà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ rò pé ayé ọ̀la á máa fi kọ̀wé, tí wọ́n máa ń kọ sára ọkọ̀ òfuurufú nínú fíìmù. Ìlà àti òbírí lásán ni. A rẹ̀ kò ní ọ̀pá láàárín. N dà bí ẹnu ọ̀nà. E jẹ́ ìlà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ léra wọn. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Inú mi dùn sí i débi pé mo tẹ́ ẹ síwájú bàbá mi.

"Bàbá, ẹ bá mi ka eléyìí."

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n fi ìka tọ ìlà mẹ́ta yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń pariwo nígbàkígbà tí iná bá dé! Wọ́n tì í sẹ́yìn.

"Ó ti lọ. Ìwé ti kúrò lórí mi."

Yéè! "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin, lẹ́tà yẹn ni."

"Má tàn mí, ọmọ mi. Tíṣà ni mí. Mo mọ bí a ṣe ń rẹ olódo lẹ́kún."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò ṣí ìwé mọ́. Bí mo bá gbé ìwé orin wá, wọ́n á kọjú sí ògiri. Mo tún ọ̀rọ̀ náà kọ sórí bébà fún wọn ní lẹ́tà gidi, wọ́n ní mo ti sọ àwọn di ọmọ jẹ́léósinmi. Mo jágbe mọ́ wọn, mo wá lọ sunkún lẹ́yìn tánkì omi.

Ọjọ́ kẹrin tí báńà náà gun òpó, ọkùnrin tó ń ta sólà yẹn pè mí. Mò ń fún bàbá mi ní ẹ̀kọ lọ́wọ́, mo bá tẹ fóònù kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Ọ̀gá, irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe fún mi yìí? Kò sẹ́ni tó lè kà á! Tíṣà méjì dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ lánàá, wọ́n ní ṣé èdè Ṣáínà ni! Èmi tí mo ni ín gan-an, ó ń rú mi lójú!"

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi na ọwọ́ wọn tó dáa, wọ́n dì mí mú.

"Ní kó tún un sọ."