Fèrè Tí Wọn Kì Í Dáhùn

Gbogbo ìgbà tí fèrè ọkọ̀ bá dún lẹ́yìn mi ni mo máa ń rántí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, agbẹ̀bí tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìnísà lọ sí Òkukù.

Wọn kì í dáhùn ìkíni lórí kẹ̀kẹ́. Awakọ̀ á fọn fèrè, á ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn o!" Wọn ò ní bojú wẹ̀yìn. Àwọn ará àdúgbò ní ìgbéraga ni. Irọ́ gbuu! Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Ibi tí ojú mi bá yà sí ni kẹ̀kẹ́ ń yà sí."

Lọ́jọ́ kan, tírélà ń bọ̀ níwájú. Dípò kí awakọ̀ akérò kan láti Ìkìrun tó wà lẹ́yìn wọn dẹ eré, fèrè ló fọn, ó sì gbá wọn sínú kòtò.

Ó sáré sọ̀kalẹ̀. "Màmá, mo fọn fèrè o!"

Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní orúnkún wọn. "Ojoojúmọ́ lo ń fi fèrè kí mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kí n yà ni tòní?"

Ẹni tó bá fi ohun ìkìlọ̀ ṣeré ti ba ìkìlọ̀ jẹ́. Àìbìkítà ni, a kàn ń pè é ní ọ̀yàyà.

Orúnkún jinná, wọ́n padà sórí kẹ̀kẹ́. Láìpẹ́ yìí, èmi náà gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn. Awakọ̀ yẹn dé ẹ̀yìn wa, ó dẹ eré, ó fi àyè gbàǹgbà sílẹ̀, ó kọjá láìfọn nǹkan kan.

Wọ́n dúró, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n juwọ́ sí i.

"Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi."