Ulé Tí Mo Sọ Di Ilé

Òórùn yíǹkì gbígbóná ni mo fi ń rántí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ọjà Ọba l'Adó, tí o kọjá àwọn tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, o máa rí yàrá kékeré kan tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì gba ìdajì rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo lẹ́yìnkùlé láti òwúrọ̀, bébà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ á sì gbóná lọ́wọ́ ẹni bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Wọ́n ti ń ṣe irun níbẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, níbikíbi tí mo bá ti gbóòórùn yẹn, inú mi á bàjẹ́. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, torí ìwọ náà ti dàgbà tó láti mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìjàn ni obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ti kọ́ ọ ní iléèwé girama rí, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Màámi títí tí òun náà fi di ìyá ọmọ. Èdè Yorùbá ni iṣẹ́ mi, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ ìwọ náà mọ àwa Èkìtì. Ohun tí àwọn yòókù ń pè ní ilé, ulé la ń pè é. Iṣu wọn, uṣu wa. Ọmọ tó bá dán an wò nínú àròkọ, bírò pupa mi á bá a níbẹ̀, ọmọ náà á sì kọ ọ̀rọ̀ náà ní ọgọ́rùn-ún ìgbà kó tó lọ jẹun. N kì í ṣe ìkà. Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà láàárín àwọn tí kì í ṣe Èkìtì, bí mo bá ti lanu báyìí, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Mo wá búra pé wọn ò ní fi ọmọ tí mo bá kọ́ rẹ́rìn-ín láé.

Ẹni márùn-ún ni wá nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé wa. Ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága. Akọ̀wé kóòtù kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn àríyànjiyàn ju oúnjẹ lọ, nọ́ọ̀sì kan náà wà, èmi, àti obìnrin oníṣọ́ọ̀bù yìí, tó máa ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun ló ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún wa. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń pàdé nírọ̀lẹ́ Sátidé, gúgúrú àti ẹ̀pà á wà nílẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ la fẹ́ràn jù, a sì ní àṣà kan lórí rẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í ka orí tó gbẹ̀yìn nílé. Inú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa ló máa ń wà. Kálukú á kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó fura sí, á sì sọ bí ìwé náà ṣe rí lójú rẹ̀, kí alága tó ya àpò náà, kó ka orí ìkẹyìn sí wa létí.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, obìnrin náà gbé ìdì bébà kan lé mi lọ́wọ́.

"Màámi, oníbàárà mi kan ló kọ ọ́. Ó ní kí ẹgbẹ́ wa bá òun kà á. Bó bá dùn mọ́ yín, ó máa gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé. Bí kò bá dùn, ó ní òun ò ní kọ̀wé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó ṣe ẹ̀dà."

Orí ìkẹyìn kò sí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Mo kà á fún ọjọ́ méjì. Ilé àlejò kan ni, lórí òkè kan nílẹ̀ Èkìtì, igbó yí i ká, òjò sì ti wó afárá kan ṣoṣo tó lọ síbẹ̀. Àlejò mẹ́rin ló há síbẹ̀. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá onílé àlejò náà nínú ilé ìdáná, ó ti kú, ọmọ odó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lára àwọn àlejò náà, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Òtútù ibẹ̀ mú mi, mo gbóòórùn igi ìdáná tó tutù. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó kọ èyí ní ẹ̀bùn.

Ohun kan péré ló bí mi nínú. Ọkùnrin aláṣọ kan wà lára àwọn àlejò náà, tó ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí òun sí, òun kò sì dé ilẹ̀ Èkìtì rí ṣáájú ìrìn àjò yìí. Àmọ́ nígbà tí àrá sán, ó kígbe pé, "Ulé yìí á wó o!" Nígbà tí àtùpà kú, ulé. Nígbà tó rí òkú, ulé. Mo ní háà, ọmọ Èkìtì ni òǹkọ̀wé yìí, ó ti gbàgbé ara rẹ̀. Mo fa bírò pupa mi yọ, mo fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bébà pé: "Ilé! Ṣọ́ra."

Nígbà tí mo dá a padà, obìnrin náà wo àwọn àmì pupa náà pẹ́.

"Màámi, ṣé kí n yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?"

"Yọ gbogbo ẹ̀. Ará Abẹ́òkúta wo ló ń pe ilé ní ulé? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi ẹni ẹlẹ́ni rẹ́rìn-ín ni?"

Ó kó bébà náà jọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa, mà."

Ọjọ́ Sátidé tí a pàdé lórí ìwé yẹn, kò sí ẹni tó pẹ́ dé. Nọ́ọ̀sì ní látìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, òun kì í lè dá lọ sí ilé ìdáná bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Alága ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé kóòtù, tí nǹkan kì í tètè wù, ní ó pẹ́ tí òun ti rí irú rẹ̀ ní èdè wa. A dárúkọ ẹni tí a fura sí, kò sí ẹni tó mú aláṣọ. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí obìnrin oníṣọ́ọ̀bù náà tó rọra ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn yà mí lẹ́nu díẹ̀. Alága wá ya àpò ìwé.

Ó kà á débi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó gbogbo wọn jọ, tó nawọ́ sí aláṣọ, tó ní: "Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, èdè ìyá rẹ̀ ló ń sá wá sí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rù ba ọ nínú ilé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà lo pe ilé ní ulé. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni ọ́. Ẹni tó kú mọ̀ ọ́n, ìdí tí o fi pa á nìyẹn."

Akọ̀wé kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé tirẹ̀ wàràwàrà.

"Níbo ló ti sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ wò ó, ilé ló wà níbí. Ilé ló wà níbí náà. Ẹ̀rí tí kò sí nínú fáìlì! Ní kóòtù, wọn á da ẹjọ́ yìí nù."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Nọ́ọ̀sì ní òǹkọ̀wé náà ti rẹ́ wa jẹ. Alága ní ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó wá parí bí ẹni tó ń sáré lọ wọ mọ́tò. Gbogbo oríyìn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ dà nù bí omi ìfọwọ́.

Èmi ńkọ́? Nígbà tí alága ń ka orí ìkẹyìn yẹn, mo ti ṣèèṣì wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì rí i tí ètè obìnrin náà ń mì, tó ń sọ gbólóhùn náà ṣáájú ẹni tó ń kà á. Kò sí oníbàárà kankan. Òun ló kọ ọ́. Ó gbé ojú sókè báyìí, ojú wa ṣe mẹ́rin. Kò fi ojú bú mi. Ó kàn ń dúró, bó ṣe máa ń dúró ní kíláàsì tó bá ti nawọ́ tí n kò tíì pè é.

"Tíṣà Yorùbá," alága ní, "ẹ̀yin lẹ kù. Kí lẹ wí sí i?"

Gbólóhùn kan péré ni mo nílò: èmi ni mo yọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wò mí, èmi tí wọ́n máa ń bi bí a ṣe ń kọ èyí, bí a ṣe ń kọ tọ̀hún. Mo ní, "Bí ẹ ṣe wí náà ni. Ó kánjú."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, ọwọ́ mi ló sì wọ́ orí ọmọ náà. Obìnrin náà dìde, ó gba àpò ìwé lọ́wọ́ alága, ó ká a sí méjì. "Màá jíṣẹ́ fún un," ló wí. Kò wá sí ìpàdé wa mọ́. Kí Kérésì tó dé, ó ti ta ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti padà sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ìjàn.

Ọdún méjì kọjá kí n tó lè lọ. Ìjàn kò jìnnà, o mọ̀ ọ́n, ìtìjú ló sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn. Mo kó ẹ̀dà tèmi sínú báàgì. Láti inú mọ́tò ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú èdè àtàtà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàwé. Nígbà tí mo wá rí i tó jókòó níwájú ilé kan, tó ń bó gbágùúdá, àyà mi já, ohun tí mo tò fọ́n ká. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ọmọ mi, ṣé ulé rẹ rè é?"

Ó gbójú sókè. Ó wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín kékeré kan tó dùn mí ju ẹkún lọ.

"Màámi," ló wí, "ẹ̀rù ń bà yín."

Mo jókòó lórí àpótí tó gbé fún mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, mo sunkún. Kò dá ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó ní òun mọ̀ pé inú ire ni mo fi ṣe àtúnṣe náà.

"Mo lè dá ulé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà nígbà náà kí n tó ṣe ẹ̀dà, ọwọ́ mi ló wà. Ṣùgbọ́n tíṣà mi ni yín, mo ní bóyá ẹ mọ̀ jù mí lọ. Mo wá fi orí ìkẹyìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní bí wọ́n bá kà á débẹ̀, Màámi á rántí, wọ́n á sọ fún ẹgbẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Mo bi í pé orí ìkẹyìn náà ńkọ́. Ó ní òun ti fi dáná. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó tún un kọ, kó tilẹ̀ kọ òmíràn. Ó mi orí.

"Mo ti gbìyànjú. Bí mo bá ti gbé bírò báyìí, ilé ló ń jáde, Màámi. Ulé kì í wá mọ́."

Ó fi gbágùúdá díẹ̀ di ẹrù fún mi, bí ẹni pé ìbẹ̀wò lásán ni mo wá ṣe. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo sọ fún ẹgbẹ́ pé ulé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé náà tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ní, "Ẹ̀rí wà nínú fáìlì nígbà náà. Ta ló yọ ọ́?" Mo ní èmi ni. Mo sọ ọ́, ní ìgbà tí kò wúlò mọ́.

Ẹ̀dà náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fi bírò pupa kan náà dá ulé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí àyè wọn, àmọ́ kò sí orí tó máa sọ ohun tí wọ́n wà fún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú ọ̀daràn inú ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló mú mi lẹ́nu ọ̀nà kan ní Ìjàn, kí n tó jẹ́wọ́ rárá. Ti ọ̀daràn náà tiẹ̀ sàn, torí ẹni tó pa kò lè wò ó lójú mọ́. Tèmi ṣì wà láàyè, ó ń bó gbágùúdá, ó sì ṣì ń pè mí ní Màámi.