Hóró Mẹ́jọ Látinú Ìgò Gye-hwa

Owú ló ń jẹ Mal-ja, ẹ má jẹ́ ká fi abẹ́ ahọ́n sọ ọ́. Kì í ṣe owú ọkọ, nítorí ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó bá a du ú nígbà tó wà láàyè. Owú ìgò oògùn ni. Ìgò funfun kan ni, ìdérí rẹ̀ láwọ̀ ewé, Gye-hwa á sì gbé e jáde létí iná láràárọ̀, á mì ín lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí i, bí ẹni pé àwa yòókù ò létí.

Lábúlé wa ní erékùṣù Jeju, ní Kòríà, àwa obìnrin la máa ń mòòkùn wá ìgbín òkun, èémí tó bá sì wà láyà oníkálukú ni tirẹ̀. Ibi tí o bá lè mòòkùn dé ló ń sọ ibi tí wàá jókòó sí létí iná tá a mọ ògiri òkúta yí ká, tá a bá gòkè. Ìyá Àgbà Du-saeng ló ni òkúta ńlá tí èéfín kì í dé. Mal-ja wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, Gye-hwa wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti jókòó báyẹn.

Lọ́dún tí Ìyá Àgbà pé mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ní orúnkún òun ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó wo àwọn méjèèjì. "Lọ́jọ́ tí òkun bá ṣí fún ìgbín, ẹni tí àpò rẹ̀ bá wúwo jù nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kó gba òkúta mi. Mi ò fẹ́ ìjà."

Mal-ja ti ń wo òkúta yẹn láti ìgbà ọmọge, nígbà tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí èéfín ń dá omi lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mòòkùn títí ó fi kú, kò dé ibẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Mal-ja fúnra rẹ̀ báyìí. Bí kò bá gbà á lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn.

Ohun tó wá ń bà á lẹ́rù ni pé láti ìgbà tí ìgò yẹn ti dé, ó jọ pé Gye-hwa ń pẹ́ lábẹ́ omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Tae-sik mi ló tún fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà," Gye-hwa á sọ. "Ó ní, 'Màámi, ẹ máa lò ó fún egungun yín.' Ọmọ yẹn ò jẹ́ kí n sinmi!"

"Ṣé ìgò náà ló ń bá ẹ mòòkùn ni?"

"Àbí o ò rí bí mo ṣe ń pẹ́ nísàlẹ̀ ni, Ìyá Jong-hun?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní rí ẹ? Ariwo ìgò rẹ ti lé gbogbo ẹja sá."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi Mal-ja tó sọ ọ́. Jong-hun, ọmọ tirẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Busan. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ń kí òbí wọn, àwòrán òdòdó ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù. A kì í gbé àwòrán òdòdó mì.

Lọ́jọ́ tí òkun ṣí, Gye-hwa dìde lọ bá Ìyá Àgbà fa ọrùn aṣọ rọ́bà rẹ̀ wọ̀, ó fi apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ìgò wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mal-ja. Mal-ja wo ọ̀tún, ó wo òsì. Hóró méjì ni Gye-hwa ń lò lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó ti lò ó fún oṣù mẹ́rin gbáko, ó yẹ kí èèyàn yára lé e bá. Mal-ja da mẹ́jọ sọ́wọ́, ó fi omi tútù gbé e mì. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí owú bá gùn ún?

Kò sí nǹkan kan níkùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹun nínú wa ká tó wọ omi, torí tá a bá dorí kodò, ìrẹsì àárọ̀ á padà wá sí ọ̀fun. Oògùn nìkan la máa ń mu, oògùn orí fífọ́, lórí ikùn òfìfo. Nítorí náà, kò fura.

Ó mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹfà, ó dára. Lẹ́ẹ̀keje, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ikùn ti wú, aṣọ rọ́bà ti há mọ́ ọn, ìsó wá ò rọ́nà gbà. Ó yẹ kó padà sí etí òkun, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí àpò Gye-hwa tó ń fì lábẹ́ kèrègbè rẹ̀ tó léfòó lórí omi (rọ́bà fífúyẹ́ ló ti rọ́pò kèrègbè gidi, a ò kàn yí orúkọ padà ni). Àpò náà ti kún ju tirẹ̀ lọ díẹ̀. Inú bí i gidigidi. Ó tún dorí kodò.

Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni inú ti lọ́ ọ mọ́ra. Ó ká kò bí edé, ó gbé omi mì. Ọwọ́ kan gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó fà á sókè. Gye-hwa ni. Kó lè fi ọwọ́ méjèèjì gbá Mal-ja mú, ó ju kèrègbè rẹ̀ sílẹ̀, ìṣàn omi sì gbé e lọ, tàpò tìgbín.

Nílé ìwòsàn, lẹ́yìn tí Mal-ja ti lọ ṣáláńgá lẹ́ẹ̀mẹrin, dókítà bi í pé, "Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Kí lẹ mu ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi, kí n má lọ fún yín lóògùn tí kò ní bá a mu."

Mal-ja ń wo àjà. Gye-hwa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé bàtà Mal-ja lé itan, omi ṣì ń kán lára irun rẹ̀.

"Hóró mẹ́jọ," Mal-ja sọ. "Látinú ìgò Ìyá Tae-sik."

Gye-hwa na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó yọ ìgò náà, ó gbé e fún dókítà, dókítà sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sí.

"Èyí tó ń ṣe egungun láǹfààní níbí, téèyàn bá mu ún jù láìjẹun, ìgbẹ́ gbuuru ni. Wọ́n tún fi ṣúgà inú wàrà po hóró náà kó lè dì. Ìyẹn kì í ṣe oògùn rárá. Ṣé wàrà máa ń bá yín lára mu?"

"Láti kékeré ni kò ti bá mi lára mu. Ìyẹ̀fun wàrà tí wọ́n ń pín nílé ìwé, tí mo bá mu ún, igbó ni mò ń sá lọ."

"Igbó kan náà la jọ ń sá lọ," Gye-hwa sọ. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lo nǹkan yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí ṣáláńgá. Mi ò gbé ẹyọ kan mì mọ́ láti ìgbà yẹn."

Mal-ja yíjú sí i. "Kí lo wá ń mì ín sí wa létí fún láràárọ̀?"

"Kí ìwọ lè gbọ́ ni." Kò rẹ́rìn-ín. "Ọdún kẹfà rèé tí Tae-sik ò ti wálé. Ìgò yẹn ni mo rí. Kí ni kí n mì, tí mi ò bá mì ín?"

Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wa pé sétí iná. A ti bá Mal-ja fa àpò rẹ̀ dé etí òkun lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n: kílò mọ́kànlá. Gye-hwa ò ní ohun tí wọ́n máa wọ̀n. Ìyá Àgbà dìde lórí òkúta rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi ò yí padà," ó sọ. "Mal-ja, wá jókòó."

Ó lè sọ pé rárá. A dẹtí sílẹ̀ bóyá ó máa sọ ọ́. Mal-ja dìde, ó jókòó sórí òkúta náà.

Kò sẹ́ni tó bá a jà. Àwọn kan tiẹ̀ kí i kú oríire. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan bó ọ̀dùnkún gbígbóná fún Gye-hwa, òmíràn fi aṣọ gbígbẹ bò ó léjìká, àwọn ọmọdébìnrin ẹnu ọ̀nà sì rọra sún mọ́ ọn, wọ́n ní kó sọ bó ṣe fa èèyàn jáde látìsàlẹ̀ òkun fún àwọn. Mal-ja ń wò wọ́n láti orí òkúta tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá. Owú tó ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ti ìgò kò tó o.